Ohùn Àwọn Àgbà Bàhíà àti Àwọn Yunifásítì Tí Ó Pamọ́ Sí

Ní ọdún 1940, Lorenzo Dow Turner gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wọ ìlú Salvador ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Fisk, tí ó sọ ara rẹ̀ di onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ohun tí ó ń wá ni èdè àwọn baba ńlá tí òwò ẹrú kò lè pa lẹ́nu àwọn ọmọ.

Ó rí i. Nínú àwọn ilé òrìṣà, àwọn àgbà kọrin fún un, wọ́n sì pìtàn. Ìyá Menininha, ìyálórìṣà ilé Gantois, wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Martiniano do Bonfim, babaláwo tí ó ti gbé Èkó kẹ́kọ̀ọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ọdún 1943 ni Martiniano papòdà. Díẹ̀ ni ó kù kí Turner má bá a láyé.

Nígbà tí Turner wá sí Nàìjíríà ní 1951, tí ó fi Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ṣe ibùdó, ó gbé àwọn ohùn náà dání, ó sì gbé wọn sórí ẹ̀rọ fún àwọn Yorùbá gbọ́. Ó tún gba òwe àti àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ilé. Bí onímọ̀ ṣe ń pín ohun ìwádìí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin fún un.

Turner kú ní 1972. Ohùn wà ní Yunifásítì Indiana, púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀ wà ní Northwestern, òmíràn sì wà ní ilé àkójọ Anacostia ní Washington. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin ní ibì kan lè ní láti rìnrìn àjò kí ó tó rí àlàyé rẹ̀ ní ibòmíràn. Ìnira akẹ́kọ̀ọ́ kéré sí ti àwọn onílé, ṣá. Ìyá Menininha lo ayé títí di 1986, ohùn rẹ̀ sì wà lókè òkun.

Lẹ́yìn ọdún 2010 ni ẹ̀dà tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà, nípasẹ̀ olùwádìí kan ní Yunifásítì Recôncavo ti Bàhíà tí ó bá Indiana ṣe é. Àwo ṣì wà ní Indiana. Ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà ni ó rìn. Wọ́n gbé e lọ sí àwọn ilé òrìṣà gan-an, wọ́n sì fi ṣe fíìmù Memórias Afro-Atlânticas ní 2019. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti jókòó, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn tí ó bí wọn.