Ìtọpinpin ìran nínú ìwé páríṣì ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìtọpinpin ìran nínú ìwé páríṣì ni iṣẹ́ wíwá orúkọ, ìgbà àti ibùgbé àwọn babańlá ẹni nínú àwọn ìwé tí Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Páríṣì ni agbègbè tí ó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan àti àlùfáà rẹ̀. Ní ìgbèríko, ó sábà máa ń jẹ́ abúlé kan pẹ̀lú àwọn oko àti ahéré tí ó yí i ká. Ìjọba kò bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ 1 Oṣù Keje ọdún 1837. Ṣáájú ọjọ́ náà, ìwé páríṣì ni ibi kan ṣoṣo tí orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀, alágbàṣe àti ìránṣẹ́bìnrin ti hàn.

Àwọn ìwé wọ̀nyí kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé ènìyàn. Àkọsílẹ̀ ètò ìsìn ni wọ́n. Wọ́n ń sọ ọjọ́ tí a ṣe ìsàmì fún ọmọ, kì í ṣe ọjọ́ tí a bí i. Wọ́n ń sọ ọjọ́ tí a sin òkú, kì í ṣe ọjọ́ tí ó kú. Ohun yòówù tí ó bá sì wà nínú wọn, ẹnì kan ni ó sọ ọ́ fún àlùfáà tàbí akọ̀wé rẹ̀. Nítorí náà, rírí orúkọ kò ṣòro púpọ̀. Ohun tí ó ṣòro ni fífi ẹ̀rí hàn pé ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ni ẹni tí à ń wá.

Bí ìwé páríṣì ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1538, Thomas Cromwell, tí ó jẹ́ aṣojú Ọba Henry Kẹjọ nínú ọ̀rọ̀ ìjọ, pàṣẹ pé kí páríṣì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, lójú àwọn alábòójútó ìjọ, ni àlùfáà yóò kọ orúkọ àwọn tí ó ṣe ìsàmì fún, àwọn tí ó so pọ̀ àti àwọn tí ó sin láàárín ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Inú àpótí oní-àgádágodo méjì ni wọ́n ní láti tọ́jú ìwé náà sí: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ àlùfáà, èkejì lọ́wọ́ àwọn alábòójútó. Àwọn ará ìlú kan fura pé owó orí tuntun ni ìjọba ń fi ọgbọ́n wá. Ìfura náà kò ṣẹ nígbà náà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1783 ìjọba bu tọ́rọ́ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan tí a bá kọ sínú ìwé, wọ́n sì yọ àwọn òtòṣì sílẹ̀. Ọdún 1794 ni wọ́n tó fagi lé owó yìí. Ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ náà "òtòṣì" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ babańlá rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò gbọdọ̀ tètè gbà á gbọ́.

Orí bébà lásán ni ọ̀pọ̀ àlùfáà kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí. Ní ọdún 1598, àṣẹ tuntun jáde pé kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé awọ, pàápàá jù lọ láti ìgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ti gun orí ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ "pàápàá jù lọ" yìí ni ọ̀pọ̀ àlùfáà dì mú: wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdàkọ láti ọdún 1558, èyí tí ó ṣáájú sì ṣègbé. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọ̀pọ̀ páríṣì fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1558 dípò 1538. Àṣẹ kan náà ni ó ní kí a máa fi ẹ̀dà ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù. Níbi tí iná, omi tàbí eku ti ba ìwé àkọ́kọ́ jẹ́, ẹ̀dà ti bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń gba ni là. Níbi tí méjèèjì bá sì wà, ó yẹ kí a wo méjèèjì, nítorí pé akọ̀wé a máa fo orúkọ, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ a máa fi kún un.

Láàárín ọdún 1642 sí 1660, nígbà ogun abẹ́lé àti ìjọba tí kò ní ọba, àlàfo wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ páríṣì. Lẹ́yìn náà ni òfin méjì yí ìrísí àwọn ìwé náà padà. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1753, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹta ọdún 1754, sọ ọ́ di dandan pé kí ìgbéyàwó wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìkéde tàbí pẹ̀lú ìwé àṣẹ, kí ọkọ, ìyàwó àti àwọn ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí ìwé. Ìjọ Quaker àti àwọn Júù nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Èkejì ni òfin ọdún 1812, tí ó mú fọ́ọ̀mù títẹ̀ wọlé láti ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní ọdún 1813. Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ òbí méjèèjì, ibùgbé wọn àti iṣẹ́ bàbá. Fún ìsìnkú, ó béèrè ọjọ́ orí. Ṣáájú ìgbà yìí, "John, ọmọ William" ni a lè rí ní odindi ìlà kan, kí orúkọ ìyá má sì sí níbẹ̀ rárá. Àfi ní Yorkshire, níbi tí àlùfáà kan tí ń jẹ́ William Dade ti gbé ọ̀nà ìkọ̀wé kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1770 tí ó fi orúkọ àwọn òbí àgbà pàápàá kún ti ọmọ. Ẹni tí babańlá rẹ̀ bá bọ́ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti rí ìran mẹ́ta lójú ìwé kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ń tọpinpin

Láti orí ẹni tí a mọ̀ ni a ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀, láti ìsinsìnyí lọ sí àtijọ́. Ẹni tí ó bá mú orúkọ ìdílé rẹ̀, tí ó lọ wá ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1600, tí ó sì wá ń sọ̀ kalẹ̀, yóò rí ìran kan, ṣùgbọ́n ó lè má jẹ́ tirẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ti ìjọba láti ọdún 1837 ń dárúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó. Lẹ́yìn èyí ni ìkànìyàn. Láti ọdún 1801 ni wọ́n ti ń kà á ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ti ọdún 1841 ni àkọ́kọ́ tí a tọ́jú orúkọ gbogbo ènìyàn inú rẹ̀. Ọjọ́ orí inú rẹ̀ kò ṣe é gbára lé: ẹni tí ó bá ti ju ọdún 15 lọ, wọ́n sábà máa ń já ọjọ́ orí rẹ̀ wálẹ̀ sí ìlọ́po márùn-ún, tí ẹni ọdún 39 yóò fi di ẹni ọdún 35. Ti ọdún 1851 ni ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó sọ páríṣì tí a ti bí olúkúlùkù. Arúgbó ẹni ọdún 80 inú rẹ̀ ń tọ́ka sí ìsàmì tí ó wáyé ní nǹkan bí ọdún 1771, ó sì ń sọ ṣọ́ọ̀ṣì tí a ó ti wá a.

Tí a bá dé inú ìwé páríṣì tán, ìsàmì ọmọ àkọ́bí ni a fi ń wá ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀, ìgbéyàwó ni a sì fi ń wá ìsàmì ọkọ àti ìyàwó. Páríṣì ìyàwó ni ìgbéyàwó sábà máa ń wáyé sí, nítorí náà bí a kò bá rí i ní ti ọkọ, kí a wo àwọn abúlé tí ó múlé gbè é. Ìwé ìsìnkú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbójú fò, òun gan-an sì ni ó ń já irọ́. Bí a bá rí Thomas kan tí a ṣe ìsàmì fún ní ọdún 1742, tí a sì gbà pé òun ni ó gbéyàwó ní ọdún 1765, ó di dandan kí a wò ó bóyá Thomas náà kò tíì kú ní kékeré. Àwọn òbí a máa fi orúkọ ọmọ tí ó kú sọ ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀lé e, nítorí náà Thomas méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, lè wà nínú ilé kan.

Orúkọ tí àwọn ènìyàn ń jẹ́ ní abúlé kan kò pọ̀: John, William, Thomas, Mary, Elizabeth, Ann. Bí etí akọ̀wé bá sì ṣe gbọ́ orúkọ ìdílé ni ó ṣe ń kọ ọ́, tí ìdílé kan fi lè ní ìkọsílẹ̀ mẹ́rin láàárín ogún ọdún. Èdè Látìn tún wà nínú àwọn ìwé àtijọ́ kan. Jacobus inú wọn ni James, Gulielmus sì ni William. Kàlẹ́ńdà pàápàá a máa ṣi ni lọ́nà. Títí di ọdún 1751, ọjọ́ 25 Oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ìwé sọ pé a ṣe ìsàmì fún ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1720, tí a sì sin ín ní Oṣù Kejì ọdún 1720 kan náà, kò kú kí a tó bí i. Ní ìṣirò tiwa, Oṣù Kejì ọdún 1721 ni ìsìnkú rẹ̀.

Àwọn tí kò jókòó sójú kan

Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé ará ìgbèríko àtijọ́ kì í kúrò ní abúlé tí a bí i sí. Ìwé kan láti Clayworth ní Nottinghamshire ta ko èyí. William Sampson, àlùfáà ibẹ̀, kọ orúkọ gbogbo olùgbé páríṣì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1676 àti ní ọdún 1688. Nígbà tí Peter Laslett àti John Harrison fi àkọsílẹ̀ méjèèjì wé ara wọn, wọ́n rí i pé ó ju ìdajì àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tí kò sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún 12. Ikú mú àwọn kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ìránṣẹ́, ti ṣí lọ síbòmíràn.

Òfin àwọn òtòṣì ni ó jẹ́ kí a lè tẹ̀lé irú àwọn bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1662, páríṣì tí ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ìbùgbé sí nìkan ni ó gbọdọ̀ bọ́ ọ bí ó bá di aláìní. Bí àjèjì bá ti fẹ́ di ẹrù sí wọn lọ́rùn, àwọn aláṣẹ á fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò: ibo ni wọ́n bí ọ sí, ta ni o sìn, ọdún mélòó, owó ọ̀yà rẹ ńkọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé títí dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ tí wọ́n fi dá a padà síbi tí ó ti wá. Bákan náà, bí obìnrin tí kò lọ́kọ bá lóyún, wọ́n á fi dandan mú un dárúkọ bàbá ọmọ kí páríṣì má baà san owó ìtọ́jú rẹ̀. Ohun ìtìjú ni fún un nígbà náà. Fún àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀, ó lè jẹ́ ibì kan ṣoṣo tí orúkọ babańlá wọn wà. Láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, a lè mọ̀ nípa ìrìn àjò òtòṣì kan ju ti àgbẹ̀ aláàbọ̀ ọrọ̀ tí kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ.

Àpẹẹrẹ láti Soham

Soham jẹ́ ìlú kékeré láàárín oko ní Cambridgeshire. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹrin ọdún 1792, Gustavus Vassa gbé Susannah Cullen níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew tí ó wà níbẹ̀. Ọkọ ìyàwó yìí ni a mọ̀ jù lónìí sí Olaudah Equiano, òǹkọ̀wé tí ó gbógun ti òwò ẹrú, tí ó sì kọ ọ́ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1789, pé ilẹ̀ Ìgbò ni a ti bí òun. Vassa ni orúkọ tí ọ̀gá rẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀gákọ̀ sọ ọ́, òun náà ni ó sì ń lò nínú ìwé òfin. Ẹni tí ó bá ń wá Equiano nínú ìwé ìgbéyàwó Soham kò ní rí i.

Wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, Anna Maria ní ọjọ́ 16 Oṣù Kẹwàá ọdún 1793 àti Joanna ní ọdún 1795. Ìyá wọn kú ní ọdún 1796, bàbá wọn sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta ọdún 1797. Ní Oṣù Keje ọdún náà ni Anna Maria kú. Òkúta ìrántí rẹ̀ kò sí ní Soham; ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Chesterton ní ẹ̀bá Cambridge ni ó wà. St Andrew ni ṣọ́ọ̀ṣì Chesterton náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n páríṣì ọ̀tọ̀ ni. Òkúta náà sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni, bẹ́ẹ̀ ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ó pé mẹ́rin. Joanna nìkan ni ó dàgbà. Ní ọdún 1816, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 21, ó gba £950 nínú ogún bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ àlùfáà kan tí ń jẹ́ Henry Bromley ní ọdún 1821.

Ìwé páríṣì mìíràn ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí ibi tí a ti bí Equiano fúnra rẹ̀. Ìwé ìsàmì St Margaret, Westminster, ti ọjọ́ 9 Oṣù Kejì ọdún 1759, pè é ní adúláwọ̀ ọmọ ọdún 12 tí a bí ní Carolina. Nítorí èyí àti ìwé ọkọ̀ ojú omi kan ti ọdún 1773, Vincent Carretta sọ pé ó ṣeé ṣe kí a má bí i ní Áfíríkà, àti pé àròsọ ni ohun tí ó kọ nípa ìrìn àjò rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Paul Lovejoy àti àwọn mìíràn kò gbà. Ohun ńlá ni ó rọ̀ mọ́ ìlà kan yìí, nítorí ìwé Equiano wà lára àwọn ẹ̀rí díẹ̀ tí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kọ fúnra rẹ̀. Ìwé ìsàmì náà kò sọ ẹni tí ó fún akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ náà, yálà ọmọ náà ni tàbí àwọn tí ó mú un wá. Ẹ̀rí tí ó dájú ni ó jẹ́ pé a ṣe ìsàmì fún un ní ọjọ́ náà. Ní ti ibi tí a ti bí i, ohun tí wọ́n sọ fún akọ̀wé ni.

Ibi tí àwọn ìwé náà wà nísinsìnyí

Òfin ìjọ ti ọdún 1978 ni ó mú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ti káúńtì. Àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì bíi FamilySearch àti FreeREG ń jẹ́ kí a wá orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ancestry àti Findmypast ń gba owó. Àtòjọ orúkọ ni púpọ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ka ìwé tí ó ti ṣá ni. Páríṣì tí kò sí nínú àtòjọ náà kò yàtọ̀ sí páríṣì tí babańlá ẹni kò gbé rí lójú ẹni tí ó ń wá a. Nítorí náà, àwòrán ojú ìwé gan-an ni ó yẹ kí a kà, pẹ̀lú àwọn orúkọ tí ó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀.