Bọ́ọ̀lù Ìdálẹ̀

Challenge, n'Ílọrin níbí, ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n IICC Shooting Stars Ìbàdàn ló ni ọkàn mi. Ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀ o.

Ní 1976, Shooting bá Tonnerre ti Yaoundé pàdé ní àṣekágbá ife Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Nílé, 4 sí 1 la fi nà wọ́n. Ó wá ku ti Kamẹrúùnù. Mo ti kó owó àjọ, mo fẹ́ lọ. Ìyàwó mi wò mí títí: "Bàbá Àlàbá, ṣé owó iléèwé ọmọ lẹ fẹ́ fi wo bọ́ọ̀lù?" Ọ̀rọ̀ parí. Mo jókòó ti rédíò.

Tonnerre nà wá 1 sí òdo, àmọ́ àpapọ̀ jẹ́ 4 sí 2, ife di tiwa. Òun ni ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kan máa gbà. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó náwó dé Yaoundé, ọjọ́ tí wọ́n nà wá ló lọ wò.

Ti 1996 ló dùn mí jù. Ife Champions ni. A na Zamalek 2 sí 1 nílé, àwọn náà nà wá 2 sí 1 ní Cairo. Pẹ̀nárítì ló là wá, wọ́n sì fi 5 sí 4 gbé ife lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, owó wà lọ́wọ́, Àlàbá ti jáde iléèwé. Ìyá Àlàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ. Èmi ni mo ní ó jìnnà.