Casa del Herrero: Ilé Alágbẹ̀dẹ tó wà ní California

Ní Montecito, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Santa Barbara ní ìpínlẹ̀ California, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Casa del Herrero. Èdè Sípéènì ni. Tí ẹ bá tú u sí Yorùbá, Ilé Alágbẹ̀dẹ ló jẹ́. Àmọ́ ẹni tó kọ́ ọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n bí sídìí ẹwìrì o. Olówó ni George Fox Steedman, ẹnjiníà tó rí towó ṣe nídìí ilé-iṣẹ́ irin ní St. Louis.

George Washington Smith ló ya àwòrán ilé náà, bíi ti àwọn ilé oko Andalusia ní gúúsù Sípéènì: ògiri funfun tó nípọn, òrùlé amọ̀ pupa, àgbàlá tí omi ń tú jáde láàárín rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, 1925, tí ìdílé Steedman kó wọlé, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìmìtìtì ilẹ̀ ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ní Santa Barbara. Ilé Alágbẹ̀dẹ dúró ní tiẹ̀.

Irin ló sọ ilé náà lórúkọ. Ẹ wo irin ojú fèrèsé, irin tí wọ́n fi gbé àtùpà kọ́, títí dé irin ara ilẹ̀kùn. Nínú iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ Sípéènì àtijọ́, wọ́n á ki irin bọ iná títí á fi pọ́n, wọ́n á lù ú, wọ́n á lọ́ ọ. Níbi tí ọ̀pá méjì bá ti pàdé, wọn kì í jó o pọ̀ bíi ti wẹ́dà ayé òde òní. Wọ́n á la ihò sára ọ̀kan, kí èkejì gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyẹn ni irú irin bẹ́ẹ̀ kì í fi í dọ́gba délẹ̀. Ojú òòlù hàn lára rẹ̀, ẹwà rẹ̀ sì nìyẹn.

Steedman ò kàn sanwó kó sì káwọ́ gbera. Ó ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọgbà, níbi tó ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan irin àti fàdákà.

Ti pákó ló le díẹ̀. Àwọn àjà ilé alárànbarà tó wà níbẹ̀, Sípéènì ni wọ́n ti tú wọn wá, àwọn kan sì ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Arthur Byne àti ìyàwó rẹ̀, Mildred Stapley, ló ń bá Steedman rà wọ́n. Byne yìí kan náà ló ta ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Sacramenia fún William Randolph Hearst ní 1925, tí wọ́n tú u ní òkúta kọ̀ọ̀kan gbé lọ Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, àjà tó wà ní Montecito rí ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ilé kan ní Sípéènì ló pàdánù rẹ̀, owó tó wọlé ò sì dí àlàfo yẹn.

Steedman kú ní 1940. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka ilé náà mọ́ àwọn ibi mánigbàgbé ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Àlejò lè wò ó tó bá ti fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á sì mú un dé ibi iṣẹ́ náà, níbi tí àwọn irinṣẹ́ bàbá náà ṣì wà.