Ìsínjẹ Gàmbàrí Níwájú Sábó

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton àti Richard Lander, àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, jókòó wo agbo eégún aláré ní Ọ̀yọ́ Ilé. Àpò tí òṣèré kan wọ̀ yọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun ló kọ́kọ́ yọ, kí odidi òyìnbó tó jáde: ó gbẹ, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán rìn rí. Ariwo sọ. Àwọn òǹwòran ń bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n wò ó dáadáa, Clapperton fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣèré náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí wọ́n ń sín jẹ wà ní ìjókòó. Ibẹ̀ ni adùn eré náà wà lójú tèmi. Àwọ̀ funfun nìkan kò lè gbé e. Ẹsẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ṣọ́.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n yìí, pé kí a ti ṣọ́ ẹni tí a ń sín jẹ dáadáa, dé Sábó, ní Ṣágámù. Látinú Sabon Gari, ìlú tuntun lédè Hausa, ni orúkọ náà ti wá, òwò gbànja ló sì fa àwọn Gàmbàrí wọ Rẹ́mọ. Ẹni tó bá ta obì fún wọn mọ bí oníbàárà ṣe ń yí i lọ́wọ́, tó ń wá ojú ibi tí kòkòrò gbà wọlé kó tó dá iye lé e. Ẹ̀fẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Gàmbàrí inú ọ̀pọ̀ fíìmù ẹ̀fẹ̀ wa kò ju fìlà, ọ̀pá àti Yorùbá àmúlùmálà lọ. Máìgádì kan náà ló ń ti inú fíìmù kan bọ́ sínú òmíràn. Fíìmù ni wọ́n ń sín jẹ, kì í ṣe ènìyàn. Ẹnìkan lè bi mí pé, bí mímọra bá tó, kí ló dé tí ìjà Orò fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Gàmbàrí ní Ṣágámù ní oṣù Keje ọdún 1999? N kò ní ẹ̀rín ń pẹ̀tù síjà. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín nìkan ni mo ń wá.

Baba Sálà ni àtakò tó le jù sí òṣùwọ̀n mi. Táì labalábá ràgàjì, gíláàsì ràbàtà, aago ńlá tó ń gbé kọ́ra: ta ló múra bẹ́ẹ̀ rí nígboro? Síbẹ̀ Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, aláwàdà tó ń jẹ́ Baba Sálà, pa ìlú lẹ́rìn-ín, títí dé fíìmù Ọ̀run Móoru ọdún 1982. Àmọ́ ẹ wo ohun tó sọ di ńlá, ẹrù ọ̀làjú ni gbogbo rẹ̀, èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń ṣàṣehàn nígbà náà. Ẹni tó ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà ní ìjókòó lọ́jọ́ eré Baba Sálà náà, ó so táì mọ́rùn, ó ń yọjú wo aago ọwọ́ rẹ̀.