Màlúù Nínú Agbada: Ìtàn Núdùsù Díndín Láti Guangdong Dé Lima

Oúnjẹ tí a fi ẹran màlúù gígé tẹ́ẹ́rẹ́, àlùbọ́sà, ewébẹ̀ àti núdùsù dín pọ̀ lórí iná líle láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ti di oúnjẹ alẹ́ fún ọ̀pọ̀ ilé káàkiri ayé, àwọn tí ń sè é sì sábà máa ń kà á sí oúnjẹ àtayébáyé ilẹ̀ Ṣáínà. Òótọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Núdùsù, ìyẹn ìyẹ̀fun pípò tí a fà tàbí tí a gé bí okùn kí a tó sè é, ti pẹ́ gan-an níbẹ̀; ọ̀nà dídín oúnjẹ kíákíá náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún; ẹran màlúù ni àlejò láàárín wọn, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni òfin ọba fi ká àwọn ènìyàn lọ́wọ́ kò pé wọn kò gbọdọ̀ pa màlúù jẹ. Bí àlejò yìí ṣe wá di olórí nínú agbada ní í ṣe pẹ̀lú oko ríro, pẹ̀lú òwò irin, àti pẹ̀lú ìrìn àjò àwọn tálákà tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ ṣe lébìrà ní òkèèrè.

Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kan kéde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí a ń pè ní Nature pé àwọn awalẹ̀pìtàn rí abọ́ amọ̀ kan tí ó dojú dé ní Lajia, ní ìpínlẹ̀ Qinghai ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, tí núdùsù tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní jéró ni a fi ṣe é, kì í ṣe àlìkámà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn jiyàn pé ìyẹ̀fun jéró kò ní ìfà tí ó lè di okùn gígùn bẹ́ẹ̀. Àlìkámà gbalẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní ayé ìjọba ìdílé Han, nígbà tí ọlọ òkúta tí a ń yí po tàn kálẹ̀ tí ìyẹ̀fun sì pọ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jia Sixie kọ Qimin Yaoshu, ìwé ńlá rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti oúnjẹ, ní nǹkan bí ọdún 540, ó ṣàlàyé bí a ṣe ń fa ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó bọ̀ ọ́ nínú omi híhó. Nínú ìwé yìí kan náà ni àkọsílẹ̀ wà nípa ẹyin tí a lù pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé tí a sì fi òróró yànmọtí dín. Bíbọ̀ ni ti núdùsù, dídín ni ti ẹyin. Kò tíì sí ẹni tí ó da ọ̀nà méjèèjì pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà ìdáná tí a ń sọ yìí, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní chǎo, yàtọ̀ sí irú dídín tí a fi ń dín dòdò tàbí àkàrà, níbi tí oúnjẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òróró tí iná kò sì gbọdọ̀ le jù. Nínú chǎo, òróró kì í ju ṣíbí kan tàbí méjì lọ, irin agbada gbọ́dọ̀ ti gbóná janjan kí ohunkóhun tó wọ inú rẹ̀, ọwọ́ alásè kò sì gbọdọ̀ sinmi nínú ríro àti yíyí i padà títí tí yóò fi jinná. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ bí a ṣe ń yọ́ irin dà sí ìkòkò ṣáájú ìbí Kristi, ṣùgbọ́n ní ayé ìdílé Song, tí ó gorí oyè ní ọdún 960, ni ọ̀nà yìí rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní ìlú ńlá. Ní Kaifeng, olú ìlú wọn, èrò pọ̀ ju igi ìdáná lọ, èédú ilẹ̀ sì ti ń rọ́pò igi nínú ààrò. Òróró tí a fún láti ara irúgbìn di ọjà tí ẹni tí kì í ṣe olówó lè rà. Àwọn ilé oúnjẹ sì ń tajà di òru, gẹ́gẹ́ bí Meng Yuanlao ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1147, lẹ́yìn tí ọ̀tá ti gba ìlú náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀wọ́n igi ni ó bí chǎo. Àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí pé àwọn ènìyàn kan náà tí wọ́n ń ṣọ́ igi lò kò jáwọ́ nínú ọbẹ̀ tí ń hó láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ohun tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù ni pé chǎo gbé iṣẹ́ kúrò nídìí iná lọ sídìí ọ̀bẹ: ẹni tí ó bá fẹ́ dáná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní láti gé nǹkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí gbogbo rẹ̀ lè tẹ́ẹ́rẹ́ dọ́gba tí yóò sì jinná lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, níbi tí ọwọ́ tí yóò gé nǹkan bá pọ̀ tí ohun ìdáná sì wọ́n, irú ìdáná yìí a máa gbilẹ̀.

Ní ti màlúù, kò sí ohun tí àgbẹ̀ Ṣáínà lè fi rọ́pò rẹ̀ nídìí ọkọ́ ìtulẹ̀, ọba sì mọ̀ pé bí màlúù bá tán, ọkà ń bọ̀ wá tán nìyẹn. Òfin ìdílé Tang ti ọdún 653 pàṣẹ pé ẹni tí ó bá pa màlúù ara rẹ̀, láìjí ti ẹlòmíràn, yóò fi ọdún kan ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, àwọn ìdílé tí ó jọba lẹ́yìn wọn sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjìyà rẹ̀ ń yí padà. Ẹ̀sìn Búdà tún fi ẹ̀rù ọ̀run kún un. Ẹran àgùntàn ni ó níyì jù ní ààfin Song, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì ni ti mẹ̀kúnnù. Kò yani lẹ́nu pé nínú Shuihu Zhuan, ìtàn àròsọ ńlá nípa àwọn ọlọ̀tẹ̀ inú igbó, ẹran màlúù ni àwọn akọni náà máa ń béèrè fún nílé ọtí, nítorí pé ẹni tí kò ka òfin sí ni jíjẹ rẹ̀ yẹ. Àwọn Mùsùlùmí Hui, tí wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ni wọ́n sọ ẹran màlúù di iṣẹ́ ọwọ́. Oúnjẹ wọn tí ó lókìkí jù, núdùsù ìlú Lanzhou, tí wọ́n so mọ́ orúkọ alásè kan tí ń jẹ́ Ma Baozi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, jẹ́ ti olómi ọbẹ̀, kì í ṣe díndín.

Ìhà gúúsù, ní Guangdong, ni dídín ti gba adé. Ìlú Foshan níbẹ̀ gbajúmọ̀ fún ìkòkò irin láti ayé ìdílé Ming, ọkọ̀ sì ń kó ìkòkò náà lọ sí ọ̀pọ̀ èbúté. Agbada onídìí róbótó tí èdè ibẹ̀ ń pè ní wok ni gbogbo ayé wá mọ̀. Ní Shahe, lẹ́bàá Guangzhou, wọ́n ń fi ìrẹsì lílọ̀ ṣe núdùsù fífẹ̀ funfun, èyí tí a ń dín pẹ̀lú ẹran màlúù àti èéhù ẹ̀wà. Màlúù tàbí ẹfọ̀n omi tí ó ti darúgbó lẹ́nu iṣẹ́ oko ni ó sábà ń dé ọwọ́ alápatà, ẹran rẹ̀ sì yi. Ó jọ pé yíyi yìí ni ó kọ́ àwọn alásè Guangdong lọ́gbọ́n: wọ́n ń gé ẹran ní ìbú, kí ọ̀bẹ lè já okùn inú rẹ̀ kúrú, wọ́n ń pò ó pẹ̀lú omi sóyà, ọtí ìrẹsì àti sítáàṣì díẹ̀, kí sítáàṣì lè bo ara rẹ̀ kí omi má jò jáde, àwọn mìíràn sì ń fi èérún sódà kún un, tí ó ń ṣe fún ẹran ohun tí kánún ń ṣe fún ẹ̀wà. Adùn tí wọ́n ń wá ni wọ́n ń pè ní wok hei, ìyẹn òórùn èéfín dídùn tí ó ń wá nígbà tí òróró àti omi ẹran bá kan irin gbígbóná tí ọwọ́ iná sì gbá a mú.

Láàárín ọdún 1849 sí 1874, nǹkan bí 100,000 ọkùnrin ni wọ́n kó láti etíkun gúúsù Ṣáínà lọ sí Peru, lábẹ́ àdéhùn iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí oko ẹrú. Wọ́n gbẹ́ ìgbẹ́ ẹyẹ òkun tí a ń fi ṣe ajílẹ̀, wọ́n gé ìrèké, wọ́n ká òwú. Àwọn tí ó parí àdéhùn láàyè lọ sí Lima, wọ́n sì ṣí búkà yí ọjà ńlá ìlú náà ká, ní àdúgbò Calle Capón. Níbẹ̀, kò sí òfin kankan tí ó dáàbò bo màlúù: àwọn ará Sípéènì ti kó o wọ ilẹ̀ náà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, jíjẹ rẹ̀ sì ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára. Alásè tí ó ti Guangdong wá wá bá ẹran màlúù, àlùbọ́sà pupa, tòmátì, ọtí kíkan àti ata ofeefee ilẹ̀ Peru, ó sì da gbogbo wọn sórí iná líle pẹ̀lú omi sóyà, tí Lima ń pè ní sillao títí di òní. Nígbà tí a bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì àti ànàmọ́ díndín, orúkọ rẹ̀ ni lomo saltado. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ sùpàgẹ́tì tí àwọn ará Ítálì tí ó ṣí wá sí Lima mú tọ wọ́n wá, ó di tallarín saltado. Níbí ni ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn núdùsù, dídín kíákíá àti ẹran màlúù, ti para pọ̀ di oúnjẹ gbogbo ìlú, kì í ṣe ti àwọn àjèjì nìkan.

Kúbà gba àwọn ará Ṣáínà tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 125,000 láti ọdún 1847, inú oko ìrèké kan náà tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú, tí a ń pè ní Lucumí, ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn sí. Ayàwòrán Wifredo Lam, tí a bí ní Sagua la Grande ní ọdún 1902, ní bàbá tí ó wá láti Guangdong, ìyá ìsàmì rẹ̀, Mantonica Wilson, sì ń bọ Ṣàngó. Ní ti oúnjẹ, ìrẹsì díndín ni Kúbà dì mú jù lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà náà gba ilé ẹjọ́ kọjá. Òfin ọdún 1882 ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn lébìrà Ṣáínà, ṣùgbọ́n ó yọ oníṣòwò sílẹ̀. Nígbà tí ìdájọ́ kan ní ọdún 1915 wá ka oníilé oúnjẹ mọ́ oníṣòwò, ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé tàbí kí ó mú ẹbí rẹ̀ wọlé ní ìdí pàtàkì láti ṣí ilé oúnjẹ, ilé oúnjẹ sì pọ̀ sí i lóòótọ́. Ní ọdún 1945, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé òfin 1882, Buwei Yang Chao, dókítà tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Japan, tẹ ìwé kan tí ó kọ́ àwọn ìyálé Amẹ́ríkà bí wọn yóò ṣe dín oúnjẹ ní ọ̀nà chǎo nínú ilé ara wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni sítóòfù: ìdí agbada róbótó kò lè jókòó lórí sítóòfù pẹrẹsẹ, iná ilé kò sì lágbára bíi ti ilé oúnjẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1970, Joyce Chen, oníilé oúnjẹ ní Cambridge ní Massachusetts, gbé agbada onídìí pẹrẹsẹ tí ó ní ọwọ́ gígùn jáde. Èyí tí agbada kò lè yanjú, ọgbọ́n ni ó yanjú rẹ̀: kí a má da ẹran gbogbo síná lẹ́ẹ̀kan, kí a dín in díẹ̀díẹ̀ kí omi ara rẹ̀ má baà pa iná lára, kí a kó o jáde, kí a dín ewébẹ̀, kí núdùsù tó tẹ̀ lé e, kí ẹran tó padà wọlé ní ìkẹyìn.

Núdùsù tí Yorùbá mọ̀ jù, oní-pálí tí ń jinná láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, jẹ́ irú èyí tí Momofuku Ando gbé jáde ní Japan ní ọdún 1958, nípa dídín in ṣáájú kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ. Indomie wọ Nàìjíríà ní ọdún 1988, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é sì wà ní Ọ̀tà. Ní ilé Yorùbá tí ó bá fẹ́ fi ẹran màlúù dín in, ètò iṣẹ́ máa ń yàtọ̀ sí ti Guangdong: nítorí pé màlúù tí ó rìn láti Òkè Ọya kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, a óò kọ́kọ́ bọ ẹran náà pẹ̀lú àlùbọ́sà, táìmù àti iyọ̀ títí yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà ni a óò gé e wẹ́wẹ́ tí a óò sì dín in pẹ̀lú ata rodo, omi ẹran tí ó ṣẹ́ kù ni a óò sì fi se núdùsù.