Ìsun, Adágún àti Sòbìà

Bí a bá ń kọ ìtàn omi nílẹ̀ Yorùbá, àwọn odò ńlá ni a sábà máa ń kà: Ọ̀ṣun, Ògùn, Ọya. Ìsun kékeré tó wà lẹ́yìn oko, tí àwọn ìyá àgbà wa máa ń jí lọ ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó dà á rú, kì í sábà wọnú ìwé. Bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n fi ń gbọ́únjẹ, òun ni wọ́n ń rọ sínú àmù fún mímu.

Omi òjò tó wọnú ilẹ̀ ló ń di ìsun. Ó rìn gba àárín iyanrìn àti òkúta títí yóò fi rí ibi tí yóò gbà jáde, pàápàá lẹ́sẹ̀ òkè. Nítorí pé ilẹ̀ ti sẹ́ ẹ, ó máa ń mọ́ gaara, ó sì máa ń tutù. (Ìkògòsì tí gbogbo wa ń lọ ya fọ́tò ló ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù.) Igbá kékeré ni wọ́n fi ń bu omi ìsun díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò, kí wọ́n tó gbé e lé òṣùká. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ìsun á máa ro tó, tó, tó. Ẹni tó kọ́kọ́ dé á bù ú tán, àwọn tó kù á jókòó tì í kó tún sun. Ẹni tí kò lè dúró, tí ọmọ ń sunkún nílé, adágún ló kọrí sí.

Ibẹ̀ ni sòbìà wà.

Àwọn àgbà mọ àrùn náà dáadáa. Wọ́n ní kí sòbìà tó degbò, Olúgànńbe là á ké sí. Aràn ni, ó lè gùn tó mítà kan, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń gbà jáde. Ibi tó fẹ́ gbà jáde á lé ròrò, á máa jóni bí iná, ẹni tó ń ṣe á sì wá omi tútù ki ẹsẹ̀ bọ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ti wọ adágún, aràn á tú àwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, kòkòrò tíntìntín inú omi á gbé wọn mì, ẹlòmíràn á sì bu omi náà mu. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni aràn yóò jáde lára onítọ̀hún. Wọ́n á máa fi igi kékeré wé e jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bó bá já, wàhálà dé. Àgbẹ̀ tó bá ń ṣe é lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, koríko á sì bo oko.

Ọdún kan yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Ta ni yóò rántí omi tó mu ní èṣí? Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ibùdó ìlera ní Igbó-Ọrà láti 1963. Nígbà tí àwọn olùwádìí rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí sòbìà ní Ìdèrè tó wà nítòsí, wọ́n bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbà pé inú ara ni sòbìà ti ń wá, pé kò kan omi rárá. N kò rí òmùgọ̀ kankan nínú ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ìsun ló ní èèwọ̀: a kì í ki ìkòkò dúdú bọ̀ ọ́, a kì í fọṣọ níbẹ̀, a kì í wọ bàtà dé ibẹ̀. Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti sọ pé sáyẹ́ǹsì làwọn baba wa fi pa mọ́ sínú èèwọ̀. N kò gbà tán. Ó lé èérí àti ọṣẹ jìnnà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ bàtà ló lé. Ẹni tó bọ́ bàtà, tó fi ẹsẹ̀ tí sòbìà ń jáde níbẹ̀ wọnú omi, kò lé e. Omi tó ń ṣàn kì í gba sòbìà láyè, àmọ́ bí wọ́n bá gbẹ́ ojú ìsun di kòtò tí omi ń dúró sí, tí wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ láti pọnmi, kò yàtọ̀ sí adágún mọ́.

Nígbà tí ìjọba wá ka àwọn tó ní sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè tó tún ní tó bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń wò ó kò sí títí di òní. Aṣọ nylon tí ihò rẹ̀ kéré ni wọ́n fi sẹ́ omi, wọ́n da oògùn apakòkòrò sínú adágún, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n sì ń bẹ àwọn tó ní egbò kí wọ́n má wọ omi. Ọ̀gágun Yakubu Gowon dara pọ̀ mọ́ Jimmy Carter ti Amẹ́ríkà lórí iṣẹ́ náà, ó sì ń rìn láti abúlé dé abúlé. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, àjọ WHO fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní yunifásítì báyìí kò tíì rí sòbìà rí, òwe Olúgànńbe nìkan ló kù lẹ́nu wa. Omi inú ọ̀rá la ń mu. Ọ̀ṣun tó sun láti Ìgèdè-Èkìtì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kó tó dé Òṣogbo, wọ́n ní àwọn tó ń wa wúrà ló fà á. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá bù ú.