Òru Tí Ìyàwó Kálífà Gbẹ̀bí: Iṣẹ́ Agbẹ̀bí Nínú Ìtàn Àwa Mùsùlùmí



Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ẹni tí ń dá ọmọ sínú òkùnkùn ikùn, tí ó sì ń mú un jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ní Mowe, Ibafo, Ifọ̀ àti gbogbo agbègbè wọn, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ìyàwó yín bá ń rọbí, ta ni ẹ fẹ́ kí ó dúró tì í? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní obìnrin ni, bí ó bá sì jẹ́ Mùsùlùmí, ó tún dára jù. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin tiwa bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, kí ni a máa ń sọ fún un? A ó ní iṣẹ́ òru ni, iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, kò ní jẹ́ kí ó tètè rí ọkọ fẹ́. Ọmọ ta wá ni a fẹ́ kí ó wá gbẹ̀bí ìyàwó wa?

Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn ẹni ìṣáájú ṣe ṣe é.

Òru kan ní Madīnah

Nígbà tí Umar ọmọ Khattāb (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) jẹ́ Kálífà, láàrin ọdún 634 sí 644, ó máa ń rìn kiri lóru láti mọ bí àwọn ènìyàn ṣe wà. Àwọn onítàn gbà á wá pé ní òru kan, ó rí àgọ́ kan ní ẹ̀yìn ìlú. Ọkùnrin kan jókòó síta, ìró ìrora sì ń ti inú àgọ́ jáde. Umar bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ará aginjù ni ọkùnrin náà, kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó òun ni ó ń rọbí, kò sì sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Umar yára padà sílé. Ó bi ìyàwó rẹ̀, Ummu Kulthūm ọmọ Alī, bóyá ó fẹ́ láádá kan tí Ọlọ́hun gbé wá bá a. Ummu Kulthūm, ọmọ-ọmọ Ànábì, kó ohun tí a nílò fún ìbímọ. Umar gbé ìyẹ̀fun àti ọ̀rá lé ẹ̀yìn ara rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jáde sínú òkùnkùn. Ìyàwó wọ inú àgọ́ lọ bá obìnrin náà. Kálífà jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó dáná, ó ń se oúnjẹ.

Nígbà tí ọmọ bọ́ sílẹ̀, Ummu Kulthūm ké sí ọkọ rẹ̀ láti inú àgọ́, ó fi oyè Olórí àwọn Onígbàgbọ́ pè é, pé kí ó fún ẹnikejì rẹ̀ ní ìró ìdùnnú ọmọkùnrin. Ìgbà yẹn ni ará aginjù mọ ẹni tí ń dáná fún òun. Jìnnìjìnnì bò ó. Umar ní kí ó fara balẹ̀, ó sì gbé oúnjẹ dé ẹnu àgọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fún ìyá ọmọ jẹ.

Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Obìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe wà nínú ilé. Ọkùnrin tí kò lè wọlé kò tìtorí ẹ̀ sùn, ó gbé ẹrù, ó dáná, ó tu ọkọ nínú.

Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́

Ṣáájú òru yẹn, agbẹ̀bí ti wà nílé Ànábì fúnra rẹ̀. Salmā, ìyàwó Abū Rāfiʿ, ni orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí Ibrāhīm, ọmọ Ànábì, sí ní ọdún kẹjọ Híjírà. Ọkọ rẹ̀ ló sì sáré lọ sọ fún Ànábì pé ọmọ ti dé.

Nígbà tí ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn gbilẹ̀, àwọn onímọ̀ gba ẹ̀rí obìnrin nìkan lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ, nítorí pé ọkùnrin kì í sí níbẹ̀. Ní mazhab Imām Mālik tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé, obìnrin méjì ló tó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó: bí ọmọ bá ké kí ó tó kú, ó ti jogún, bí kò bá ké, kò jogún. Ẹnu àwọn tó gbẹ̀bí ni adájọ́ yóò ti gbọ́ ọ.

Ibn Khaldūn, tó kọ Muqaddimah ní 1377, ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ tí ìlú kò lè ṣe aláìní. Ó tún ní lórí àìsàn ọmọ jòjòló, agbẹ̀bí mọ̀ ju oníṣègùn tó gbówọ́ lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn ìyá àgbà agbo-ilé ló ń gbẹ̀bí láyé àtijọ́. Ní 1895 ni àwọn Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lantoro, Abẹ́òkúta. Ní 1930, ìjọba dá ìgbìmọ̀ àwọn agbẹ̀bí sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì di iṣẹ́ ìwé àṣẹ. Ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ sọ Ifọ̀ di ìlú èrò. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, Mowe àti Ibafo náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya kó wá, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò bá wọn kó wá. Bí ìrọbí bá mú obìnrin lóru, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ sì wà lójú títì, agbẹ̀bí tó wà ládùúgbò nìkan ló lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020 nìkan, nǹkan bí ìyá 82,000 ló bá oyún àti ìbímọ lọ ní Nàìjíríà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ayé lọ. Ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Ní 2023, èsì ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, South Africa àti Tàǹsáníà. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìyá ọmọ láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà. Bí ó bá ti ń pọ̀ jù, wọ́n á wọ́ ilé ọmọ, wọ́n á fún un ní oògùn, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ewu ẹ̀jẹ̀ tó le fi ìdá 60 nínú 100 dínkù. Ọ̀rá lásán kọ́ ló ṣe é. Ọwọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni.

Kí ni kí á ṣe?

Àwọn onímọ̀ ka irú iṣẹ́ yìí sí farḍ kifāyah: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn ìyókù, bí kò bá sí ẹni tó ṣe é, gbogbo wa la jẹ̀bi.

Ìwọ ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ ń fà sí i, mú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ní òkúnkúndùn. Ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí fọwọ́ sí ni kí o lọ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ lọ kọ́ ọ ní ilé ìgbẹ̀bí tí kò ní ìwé àṣẹ, nítorí ẹ̀mí ènìyàn méjì ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ san owó ilé ìwé rẹ̀ bí ẹ ṣe ń san ti ọmọkùnrin. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fi ti Umar ṣe àwòkọ́ṣe: ẹ tọ́jú owó àti ọkọ̀ kí oṣù tó pé, ẹ mọ ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ẹ má sì sá lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ mọ́sálásí, ẹ yan ọkọ̀ kan tí yóò máa gbé aboyún lóru, kí ẹ sì ran ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ lọ́dọọdún láti kọ́ iṣẹ́ yìí. Umar kò dúró kí ẹlòmíràn wá.

Kí Ọlọ́hun sọ gbogbo aboyún wa kalẹ̀ láyọ̀, kí á máa gbóhùn ìyá, kí á máa gbóhùn ọmọ. Āmīn.